Ẹnu Ẹ̀rọ: Bí Sọ́fítíwíà Tó Ń Fara Wé Terminal Ṣe Gba Ipò Console Kọ̀ǹpútà

Ní ọdún 1886, ilé-iṣẹ́ African Direct Telegraph Company fa wáyà abẹ́ òkun dé Èkó, wọ́n sì so ìlú náà mọ́ Lọ́ńdọ̀nù. Ṣáájú ìgbà náà, iye owó ọjà àti àṣẹ ìjọba ń bá ọkọ̀ ojú omi rìn ni, ọ̀sẹ̀ mélòó kan sì lè kọjá kí wọ́n tó gúnlẹ̀. Láti ọdún yẹn lọ, akọ̀wé kan jókòó sí ìdí ẹ̀rọ ní Èkó, ó ń tẹ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́, ó sì ń gba lẹ́tà kọ̀ọ̀kan padà. Ní òdìkejì ọ̀sà, abúlé àti oko ni Àpápá ṣì jẹ́. Kò sí èbúté ńlá níbẹ̀. Ìlànà tí wáyà náà mú wọlé rọrùn: ẹni tó jókòó síbì kan lè fi lẹ́tà tó ń tẹ̀lé ara wọn lórí okùn kan ṣoṣo pàṣẹ fún ohun tó wà níbòmíràn, kí ìdáhùn sì gba orí okùn náà padà wá. Orí ìlànà yìí ni console kọ̀ǹpútà dúró lé. Console ni ẹnu tí kọ̀ǹpútà fi ń bá alábòójútó rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ló ti ń kéde ohun tó ń ṣe látìgbà tí iná bá ti wọ inú rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì ti ń gba àṣẹ nígbà tí gbogbo ọ̀nà yòókù bá ti dí.

Àmì Morse, tí Amẹ́ríkà ti ń lò láti 1844, kò ṣeé lò láìsí ẹni tí etí rẹ̀ mọṣẹ́. Lẹ́tà kan gùn, òmíràn kúrú, ẹni tó ń gbọ́ ọ ló sì ń mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Ní 1874, ará Faransé kan tó ń jẹ́ Émile Baudot gba ìwé àṣẹ fún ìlànà mìíràn, nínú èyí tí gbogbo lẹ́tà ní ìwọ̀n kan náà, àmì márùn-ún márùn-ún. Òun ló yọ etí ènìyàn kúrò nínú iṣẹ́ náà. Bí ìwọ̀n lẹ́tà bá ti dọ́gba, ẹ̀rọ lè kà á fúnra rẹ̀, ó sì lè tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Báyìí ni tẹlẹpírńtà ṣe dáyé, tí ilé-iṣẹ́ Creed ní Croydon ń rọ fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ilẹ̀ tó ń ṣàkóso, tí ilé-iṣẹ́ Teletype sì ń rọ fún Amẹ́ríkà.

Àpápá di èbúté ní 1926, nígbà tí àyè ìgúnlẹ̀ mẹ́rin fún ọkọ̀ ńlá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí ojú irin sì ń gba ẹ̀yìn wọn kó ẹrù wọ inú ilẹ̀ lọ. Kòkó, ẹ̀pà àti epo ń jáde. Aṣọ, ẹ̀rọ àti sìmẹ́ǹtì ń wọlé. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1955, Nigerian Ports Authority gba àkóso èbúté náà. Bí ẹrù ṣe ń pọ̀ sí i ni ìwé ń pọ̀ sí i, bí ìwé sì ṣe ń pọ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà lẹ́bàá Wharf Road àti Creek Road ń wá ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ yóò fi yára ju ọkọ̀ lọ. Telex ni wọ́n rí, ìyẹn tẹlẹpírńtà tí ẹnì kan lè fi pe òmíràn bí a ti ń pe tẹlifóònù. Lẹ́yìn tí Nàìjíríà gba òmìnira, ilé-iṣẹ́ Nigerian External Telecommunications (NET) ló wá ń bójú tó ọ̀nà tó lọ sí òkè òkun, nọ́ńbà telex sì di ohun tí ilé-iṣẹ́ tó bá gbayì ń tẹ̀ sí orí ìwé rẹ̀.

Ohun kan wà nínú telex tó yẹ kí a wò dáadáa. Bí akọ̀wé kan ní Àpápá bá pe Liverpool, kì í sọ̀rọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kọ́kọ́rọ́ kan ló máa ń kọ́kọ́ tẹ̀, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti béèrè pé, “Ta nìyẹn?” Nínú ẹ̀rọ tó wà lọ́hùn-ún, ìlù kékeré kan tí wọ́n ti gé eyín rẹ̀ sí lẹ́tà 20 yóò yí ní ẹ̀ẹ̀kan, orúkọ ẹ̀rọ náà yóò sì jáde lórí ìwé ní Àpápá. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti lọ sílé sùn lè dáhùn, ìwé tó jáde yẹn sì tó ẹ̀rí lọ́wọ́ oníṣòwò pé ọ̀rọ̀ òun dé ibi tí òun rán an sí. Ìbéèrè àti ìdáhùn yìí pẹ́ láyé ju irin tí wọ́n fi rọ ìlù náà lọ.

Láàárín ìgbà yìí, kọ̀ǹpútà ti dé. Ní Cambridge, EDSAC bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1949, tẹlẹpírńtà ló sì fi ń tẹ èsì rẹ̀ jáde, nítorí ẹ̀rọ náà wà nílẹ̀, ó sì mọ ìwé kọ. Ní oṣù kẹta 1951, àjọ ìkànìyàn Amẹ́ríkà gba UNIVAC, tó ní tábìlì alábòójútó tirẹ̀, tí iná wẹ́wẹ́ àti ìtẹ̀ kún ojú rẹ̀, tí ẹ̀rọ taipuráítà sì wà nítòsí. Ìkànìyàn náà ló mú kọ̀ǹpútà wọ Nàìjíríà: iṣẹ́ ìṣírò ìkànìyàn 1962 sí 1963 ni wọ́n fi kọ́kọ́ lò ó níbí. Nígbà náà, ibi ìjókòó ni console jẹ́, ó sì gba àyè bí tábìlì ọ̀gá. Iná tó ń tàn, tó ń kú lójú rẹ̀ ń fi ohun tó wà nínú ọpọlọ ẹ̀rọ hàn, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà sì lè dá ẹ̀rọ dúró, kí ó yí iye kan padà, kí ó tún tú u sílẹ̀.

Nígbà tí IBM gbé System/360 jáde ní oṣù kẹrin 1964, iṣẹ́ ti ń kúrò lọ́wọ́ iná wẹ́wẹ́ bọ́ sọ́wọ́ lẹ́tà. Ẹ̀rọ náà yára ju ohun tí ojú ènìyàn lè bá lọ. Iná lè tàn, kí ó sì kú nígbà ẹgbẹ̀rún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Sọ́fítíwíà tó ń darí ẹ̀rọ ló kù tó mọ ohun tó ń lọ, kò sì lè sọ ọ́ àfi kí ó kọ ọ́. Wọ́n wá gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 1052 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà á tẹ̀ ẹ́ jáde pé kí wọ́n gbé téèpù báyìí kọ́, alábòójútó á gbé e kọ́, á sì tẹ èsì. Ohun gbogbo tí àwọn méjèèjì bá bá ara wọn sọ wà lórí ìwé kan náà, ní ìtòtẹ̀léra, kò sì ṣeé sẹ́. Lówùúrọ̀, ọ̀gá lè ká ìwé náà láti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lóru.

Ọdún 1963 ni wọ́n kọ ìlànà ASCII sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ọdún náà sì ni ẹ̀rọ Teletype Model 33 jáde. ASCII fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún àwọn àmì tí a kì í tẹ̀ sórí ìwé: èyí tó ń lu aago, èyí tó ń dá orí ìlà padà sí ìbẹ̀rẹ̀, àti, ní ipò nọ́ńbà 5, ìbéèrè “Ta nìyẹn?” tí telex ti ń béèrè. Model 33 kò yá: lẹ́tà 10 ló ń tẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ariwo rẹ̀ sì lè gba inú yàrá kan. Ṣùgbọ́n kò wọ́n. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ DEC ṣe kọ̀ǹpútà kékeré PDP-8 ní 1965, Model 33 ni ọ̀pọ̀ ẹni tó rà á fi ń bá a sọ̀rọ̀. Ní 1969, Ken Thompson bẹ̀rẹ̀ Unix, sọ́fítíwíà tó ń darí kọ̀ǹpútà, ní Bell Labs lórí PDP-7 kan tí Teletype wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà, inú Unix ni a ti ń rí tty, tí í ṣe ìgékúrú orúkọ ẹ̀rọ náà, lára ohun gbogbo tó bá kan kíbọ́ọ̀dù àti ojú ẹ̀rọ. Unix sì fi ọgbọ́n kan kún un: console di fáìlì, /dev/console. Ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá so mọ́ ìdí fáìlì náà ni kọ̀ǹpútà ń pè ní console, kò sì bìkítà bóyá irin ni tàbí nǹkan mìíràn.

Okùn tó so kọ̀ǹpútà mọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà ti ní òfin. Ní 1960, àjọ àwọn oníléeṣẹ́ ẹ̀rọ oníná ní Amẹ́ríkà gbé RS-232 kalẹ̀, èyí tó sọ bí ẹ̀rọ méjì yóò ṣe máa fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ara wọn, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn. Wọ́n kọ ọ́ fún terminal, ìyẹn ẹ̀rọ tí ènìyàn fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, àti módẹ́ẹ̀mù, tó ń gbé lẹ́tà gba orí tẹlifóònù. Kò sẹ́ni tó rò pé yóò ṣì wà ní ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà.

Lẹ́yìn náà ni dígí rọ́pò ìwé. Datapoint 3300 wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é, ní ìparí àwọn ọdún 1960. VT52 tí DEC ṣe jáde ní 1975. Ní 1978, VT100 tẹ̀lé e. Lẹ́tà 80 ni ìlà kọ̀ọ̀kan ojú rẹ̀ gbà, nítorí pé lẹ́tà 80 ni páálí oníhò tí IBM ṣe ní 1928 ń gbà, ìlà 24 ló sì wà lójú kan. Gbígbé lẹ́tà kalẹ̀ nìkan kọ́ ni VT100 ń ṣe. Bí kọ̀ǹpútà bá fi àmì Escape ránṣẹ́ pẹ̀lú nọ́ńbà mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, VT100 lè gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ibi tó bá fẹ́ lójú dígí, kí ó pa apá kan rẹ́, kí ó mú lẹ́tà kan tàn ju òmíràn lọ. Àwọn àmì wọ̀nyí di ìlànà gbogboogbò. VT100 kò sì gbàgbé telex: bí nọ́ńbà 5 bá dé etí rẹ̀, ó ń fi ìdáhùn tí olówó rẹ̀ kọ sínú rẹ̀ ránṣẹ́ padà, kò sì lè ju lẹ́tà 20 lọ.

Dígí gba nǹkan kan lọ. Ohun tí kọ̀ǹpútà bá sọ ń gòkè, ó ń fi ojú dígí sílẹ̀, kò sì sí mọ́. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ fi gbé terminal dígí fún àwọn òṣìṣẹ́, síbẹ̀ tí wọ́n fi terminal oníwèé sílẹ̀ fún console. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà VAX-11/780 tí DEC tà láti 1977 ló ní DECwriter tó ń tẹ̀wé nídìí rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dígí ló kún àwọn yàrá yòókù.

Lórí VAX yìí gan-an ni ìtàn ti yà. Tẹ́lẹ̀, console jẹ́ ohun tí a so mọ́ kọ̀ǹpútà. Nínú VAX-11/780, kọ̀ǹpútà kékeré mìíràn, LSI-11, ni wọ́n fi sínú rẹ̀ láti máa ṣe iṣẹ́ console. Òun ló ń jí VAX, tó ń ka ìlànà ìjíǹde rẹ̀ láti inú floppy, tó ń yẹ ara rẹ̀ wò, tó sì ń gbọ́ ohun tí alábòójútó ń tẹ̀ kí ó tó gbé e lọ fún un. Ẹni tó rò pé VAX lòun ń bá sọ̀rọ̀, agbọ̀rọ̀sọ ló ń bá sọ̀rọ̀. Nígbà tí VAX 8800 yóò fi dé ní 1986, Professional 380, tí í ṣe kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó lè dá dúró fúnra rẹ̀, ni DEC gbé kalẹ̀ fún un ní console. Ìgbà yìí ni sọ́fítíwíà inú kọ̀ǹpútà kan gba ipò tí irin ti di mú fún ọgbọ̀n ọdún.

Ní Àpápá, àwọn ọdún wọ̀nyí jẹ́ ọdún ìwé púpọ̀ àti àyè díẹ̀. Owó epo ti wọlé. Ní 1975, sìmẹ́ǹtì tí ìjọba pàṣẹ rẹ̀ tó nǹkan bí mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 20, ọkọ̀ tó lé ní 400 sì tò sí ojú omi Èkó, wọ́n ń dúró de àyè. Èbúté Tin Can Island tí wọ́n ṣí ní 1977 jẹ́ ọ̀kan nínú èsì rẹ̀. Ohun tí ọ̀ràn sìmẹ́ǹtì fi hàn gbangba ni pé èbúté lè ní kéréènì, kí ó sì tún kùnà, bí kò bá sẹ́ni tó mọ iye ọkọ̀ tó ń bọ̀. Ní 1979, wọ́n parí ilé ńlá NET ní Marina, tó ga ju gbogbo ilé Èkó lọ nígbà náà, ibẹ̀ sì ni telex orílẹ̀-èdè ń gbà kọjá. Ní 1985, ìjọba pa ilé-iṣẹ́ náà pọ̀ mọ́ ẹ̀ka tẹlifóònù ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́, wọ́n sì sọ ọ́ ní NITEL. Telex ti ń darúgbó nígbà náà.

Ọdún 1981 ni ọdún ìyípadà tó tóbi jù lọ. Ní oṣù kẹjọ, IBM gbé PC jáde. Ní ọdún náà, Frank da Cruz àti Bill Catchings ní Yunifásítì Columbia kọ Kermit, láti fi gbé fáìlì láàárín kọ̀ǹpútà ńlá àti kékeré. Láìpẹ́, Kermit ń fara wé terminal pẹ̀lú. Ní 1982, káàdì IRMA dé ọjà, èyí tí a lè kì bọ inú PC kí ó máa ṣe bí terminal 3270 tí IBM ń fi sí ìdí kọ̀ǹpútà ńlá rẹ̀. Ìdí ọ̀rọ̀ náà kò jìn. Tábìlì òṣìṣẹ́ kò gba ẹ̀rọ méjì. PC lè ṣe ìṣírò, ó lè kọ lẹ́tà, bó bá sì di pé a fẹ́ terminal, ó lè ṣe bí ẹni pé òun ni. Terminal kò lè ṣe bí PC. Ní 1981 kan náà, ECOWAS bẹ àjọ UNCTAD lọ́wẹ̀ láti bá àwọn orílẹ̀-èdè rẹ̀ ṣètò àkọsílẹ̀ òwò òkèèrè. Láti inú ẹ̀bẹ̀ yẹn ni ASYCUDA ti jáde, sọ́fítíwíà aṣọ́bodè tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ayé ń lò lónìí. Nàìjíríà náà gbà á, ẹ̀dà rẹ̀ tó ń jẹ́ ASYCUDA++ sì ni àwọn ejẹ́ǹtì Àpápá fi ń ṣe ìwé ẹrù wọn lẹ́yìn ọdún 2000. Lórí sáfà Unix ni wọ́n kọ ọ́ láti máa ṣiṣẹ́, sáfà Unix kò sì sí láìsí console.

Ọgbọ́n sọ́fítíwíà afarawé dà bí ti eégún. Lójú ẹni tó wà níta, aṣọ ló ń sọ̀rọ̀. Kọ̀ǹpútà kò sì ní ojú tó lè fi wo abẹ́ ẹ̀kú. Ó fi àmì Escape ránṣẹ́, ohun tó wà lọ́hùn-ún ṣe ohun tí VT100 ń ṣe, ọ̀rọ̀ parí. Bí ẹni tó wà nínú aṣọ náà bá jẹ́ Kermit, tàbí xterm tí wọ́n kọ ní 1984, kò kàn án.

Linux gan-an, inú aṣọ yẹn ló ti jáde. Ní 1991, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ní Helsinki, ra PC tuntun, ó sì ń kọ sọ́fítíwíà tó ń fara wé terminal, kí ó lè máa gba orí tẹlifóònù wọ kọ̀ǹpútà Unix ní yunifásítì rẹ̀. Ó fi ìmọ̀ fáìlì kún un, ó fi ti díìsìkì kún un, títí ó fi rí i pé ẹ̀rọ ìdarí odidi lòun ń kọ. Nítorí náà, ẹni tó bá jókòó síwájú kọ̀ǹpútà Linux tí kò ní fèrèsé àti àwòrán, tó ń wo lẹ́tà funfun lójú dúdú, kò rí ojú kọ̀ǹpútà ní ìhòòhò. Sọ́fítíwíà tó ń fara wé terminal DEC ló ń wò, inú ọpọlọ ẹ̀rọ ìdarí náà ni wọ́n sì kọ ọ́ sí. Console ti wá di afarawé láti inú wá.

Síbẹ̀, sáfà kì í fẹ́ ojú ẹ̀rọ. Wọ́n ń tò ó léra nínú àpótí irin, bí ogún, bí ogójì, kò sì sẹ́ni tí yóò ra dígí àti kíbọ́ọ̀dù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn sáfà ilé-iṣẹ́ Sun mọ èyí ṣáájú: bí kò bá rí kíbọ́ọ̀dù nígbà tó ń jí, ihò RS-232 ni yóò darí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbà. Ewu kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn tó tọ́jú sáfà ní ìlú tí iná kì í dúró kò lè gbàgbé. Àmì kan wà tó ń jẹ́ Break, ìyẹn kí okùn dákẹ́ pẹ́ ju ìwọ̀n lẹ́tà kan lọ. Bí Sun bá gbọ́ ọ lórí console, yóò dá gbogbo iṣẹ́ dúró, yóò sì máa retí àṣẹ. Bí terminal tó wà nídìí rẹ̀ bá kú lójijì, ó lè dún létí Sun bí Break. Sáfà lè wà lórí bátìrì rẹ̀ ní àlàáfíà. Bí NEPA bá mú iná lọ, tí terminal tí kò ní bátìrì bá kú, sáfà náà dúró. Linux gba ọ̀nà RS-232 fún console nínú ẹ̀dà 2.2, tó jáde ní oṣù kìíní 1999.

Ọ̀nà ti wà; ohun tó kù ni ohun tí a ó gbé sí ìdí rẹ̀. Windows 95 ti mú HyperTerminal wá, sọ́fítíwíà afarawé terminal tí ilé-iṣẹ́ Hilgraeve kọ, ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ló sì fi í kọ́ iṣẹ́. Ní 1999, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Simon Tatham, ń pín PuTTY lọ́fẹ̀ẹ́. Ní oṣù kìíní 2007, nǹkan méjì ṣẹlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan: PuTTY ẹ̀dà 0.59 jáde, òun ló kọ́kọ́ mọ ihò RS-232 lò, Windows Vista náà sì jáde láìsí HyperTerminal nínú rẹ̀. Kò dájú pé ẹnì kan ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ náà ni ogún yí ọwọ́ padà. PuTTY jogún ohun gbogbo. Bí nọ́ńbà 5 bá kan án létí, òun náà ń dáhùn, orúkọ rẹ̀ ló sì ń fi ránṣẹ́. Ẹni tó bá ṣèèṣì tú fáìlì tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ sójú rẹ̀ máa ń bá PuTTYPuTTYPuTTY nílẹ̀ ní ìlà tó kẹ́yìn, bí ẹni pé òun ló tẹ̀ ẹ́. Ìlù telex ló ń yí níbẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ 2001, Econet àti MTN bẹ̀rẹ̀ tẹlifóònù GSM ní Nàìjíríà. Ní 2002, wáyà SAT-3 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lábẹ́ òkun. Àwọn òpó irin yọ sókè lórí ìlú, láàárín òrùlé Ajégúnlẹ̀ àti lẹ́bàá Marine Beach, níbi tí tírélà ń gbà gun afárá láti Ìjora wọ Àpápá. Ní 2006, ìjọba fi àwọn èbúté sọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni, APM Terminals sì gba ibi ìkó-kọ̀ǹténà Àpápá. Báńkì, ejẹ́ǹtì, ilé ìkẹ́rùsí, gbogbo wọn ra ráútà, ẹ̀rọ tó ń so ọ́fíìsì wọn mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìta. Ráútà pọ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n tún ṣe kò sì tó nǹkan.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nìyí ní ọjọ́ tí ráútà bá kọ̀ láti dáhùn. Ẹlẹ́rọ á dé pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù àti okùn pẹlẹbẹ aláwọ̀ sánmà, tí ẹnu kan rẹ̀ jọ ti tẹlifóònù, tí ẹnu kejì sì fẹ̀, tó ní ihò mẹ́sàn-án. Láptọ́ọ̀pù òde òní kò ní ibi tí ẹnu fífẹ̀ yẹn yóò wọ̀, nítorí náà okùn kékeré mìíràn wà nínú àpò rẹ̀ tó ń sọ USB di RS-232. Àwọn ayédèrú rẹ̀ pọ̀ lọ́jà, ẹlẹ́rọ tó bá gbọ́n sì máa ń mú méjì dání. Ó ti ẹnu kékeré bọ ihò tí wọ́n kọ console sí, ó ṣí PuTTY, ó yan Serial, ó kọ 9600 síbi ìyára. Ojú dúdú kan yọ. Ó tẹ Enter, kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Ó tún un tẹ̀. Ó pa ráútà, ó tún tàn án, lẹ́tà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ jáde pẹ̀lú ìyára tí ojú lè bá lọ: orúkọ ẹni tó ṣe é, ìwọ̀n ọpọlọ rẹ̀, àmì # tó ń gùn bí ó ṣe ń tú ara rẹ̀ sílẹ̀, títí yóò fi ní kí ó tẹ Return kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Níta, àwọn awakọ̀ ń fọn fèrè mọ́ra wọn lórí afárá. Gbogbo ohun tí ráútà náà mọ̀ nípa ìdí tí kò fi ṣiṣẹ́ ti kọjá lójú rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú méjì, nígbà tí kò tíì sí íntánẹ́ẹ̀tì kankan tí yóò gbé e lọ fún ẹlòmíràn.

Agbára yìí náà ni ewu rẹ̀. Bí ẹnì kan bá fi Break ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ráútà Cisco láàárín ìṣẹ́jú kan tó kọ́kọ́ jí, yóò fà á sí ìpele ìsàlẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ aṣínà kò ti lágbára. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀. Olè náà lè lò ó. Ìlànà tó wá gbilẹ̀ ni pé ẹni tó bá lè fọwọ́ kan console, òun ló ni ẹ̀rọ. Nítorí èyí ni yàrá ráútà fi ń ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, ní àwọn ilé-iṣẹ́ tó mọyì rẹ̀.

Láàárín àkókò náà, okùn fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́. IPMI, tí Intel, HP, Dell àti NEC gbé jáde ní 1998, fi kọ̀ǹpútà kékeré kan sínú ọ̀pọ̀ sáfà, èyí tí kì í sùn bí sáfà bá tilẹ̀ kú. Ní 2004, ẹ̀dà rẹ̀ 2.0 gbà kí console gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà lọ́nà jíjìn. Àbá VAX ti 1977 ló padà wá, ó sì wọ inú ẹ̀rọ tí owó rẹ̀ kéré gan-an sí ti ìgbà náà. Ní nǹkan bí 2003, IBM náà jẹ́ kí sọ́fítíwíà afarawé 3270 lórí PC máa ṣe console fún kọ̀ǹpútà ńlá rẹ̀ láìsí terminal IBM kankan láàárín. Ní oṣù kẹta 2021, Amazon ṣí console Serial fún àwọn kọ̀ǹpútà tó ń yá àwọn oníbàárà. Kò sí ihò, kò sí okùn, ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì ló gbé dígí náà sójú.

Ní Àpápá, àkókò yẹn jẹ́ àkókò títúnṣe. Ní 2020, ìjọba àpapọ̀ ti apá kan afárá Marine Beach láti tún un ṣe, tírélà sì ti tò láti ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú títí ìrìn wákàtí kan fi di ìrìn ọjọ́ mélòó kan. Ní ọjọ́ 27 oṣù kejì 2021, Nigerian Ports Authority bẹ̀rẹ̀ Ètò, ìlànà ìpè orí íntánẹ́ẹ̀tì tí awakọ̀ fi ń gba àkókò tirẹ̀ kí ó tó wọ èbúté. Ọ̀nà tí ń gba ojú títì wọlé tẹ́lẹ̀ wá ń gba inú sáfà.

Bí ohun gbogbo bá ti gba inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì, console lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì a máa kú pẹ̀lú rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá 2021, àṣìṣe kan mú Facebook kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà. Àwọn ẹlẹ́rọ rẹ̀ kò lè wọlé láti òkèèrè, wọ́n ní láti lọ sí ìdí àwọn ráútà fúnra wọn. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, wáyà mẹ́rin bàjẹ́ lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Báńkì Nàìjíríà kọsẹ̀, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù kọsẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ní Èkó sì ń wo ojú ìwé tí kò ṣí. Ráútà tó wà nínú àwọn ọ́fíìsì náà kò ní àìsàn kankan, ẹni tó bá so okùn mọ́ wọn sì lè rí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ọ̀nà òkè òkun ló ti dí. Àwọn tó ní agbára owó ti ń fi módẹ́ẹ̀mù onísíìmù sí ìdí ihò console, kí wọ́n lè gba orí tẹlifóònù dé ọ̀dọ̀ ráútà nígbà tí ọ̀nà rẹ̀ bá ti dí.

Ọ̀pọ̀ ráútà Cisco tó jáde láti 2009 ní ihò USB kékeré fún console, láti fi okùn RS-232 sílẹ̀. Inú ihò náà, ègé irin kan wà tó ń sọ USB padà di RS-232 kí ó tó dé ọpọlọ ráútà, ìyára tó sì bá wá láti ilé-iṣẹ́ ni 9600.